Fúláàṣì àbí PXE: èwo lo fẹ́ fi tan kọ̀ǹpútà?
Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lo fẹ́ fi Windows sí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ n'Ìkòròdú, fúláàṣì ti tó. Kò nílò sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń pín fáìlì fún àwọn yòókù) rárá. Ṣùgbọ́n yàrá kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ̀rọ kún inú rẹ̀ ńkọ́? PXE, ìyẹn ọ̀nà tí Intel gbé jáde láti fi tan kọ̀ǹpútà látorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ni mo fara mọ́ níbẹ̀. Tan Network Boot nínú BIOS (ètò tó ń kọ́kọ́ jí kọ̀ǹpútà): ẹ̀rọ á gba àdírẹ́sì lọ́wọ́ DHCP (ètò tó ń pín àdírẹ́sì lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì), á sì fa fáìlì ìbẹ̀rẹ̀ látorí sáfà. Wáyà ni kí o lò o. Wi-Fi kì í sábà gbà á. Sáfà náà gbọ́dọ̀ wà ní títàn o! Bí iṣẹ́ bá parí, jọ̀ọ́, dá díìsìkì padà sí ipò kìíní nínú BIOS, kí kọ̀ǹpútà lè kọ́kọ́ tan látibẹ̀. Bí PXE bá ṣì ṣáájú, kọ̀ǹpútà á máa wá sáfà tí kò sí kó tó wọlé.