Jámánì tàbí Ìlú Ọba: ìdáhùn mi fún àbúrò mi ní Kàbà

Okun o, àbúrò mi. O béèrè bóyá Jámánì tàbí Ìlú Ọba ni kó o ti lọ kàwé. Owó ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, nítorí owó oko Bàbá lo fẹ́ ná.

Ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba ní Jámánì kì í gba owó ilé-ìwé. Ní Baden-Württemberg, 1,500 yúrò ni wọ́n ń gbà ní sáà kan lọ́wọ́ ẹni tó ti òde Yúróòpù wá. Ibi tó ti le ni físà: ọ̀pọ̀ ló ń kó 11,904 yúrò sínú àkáǹtì tí wọ́n tì, tí wọ́n á máa fún ọ ní 992 lóṣooṣù. Owó rẹ ṣì ni o, kò sọ nù.

Ní Ìlú Ọba, owó ilé-ìwé lọ kò sì ní padà. Fi 776 pọ́n-ùn owó ìlera lọ́dún kún un. Iṣẹ́ wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni wọ́n gbà fún ọ nígbà tí ilé-ìwé bá ń lọ lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ọkàn máa ń balẹ̀ ní Ìlú Ọba. O gbọ́ èdè wọn, o sì lè ra iṣu àti èlùbọ́ ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní Jámánì, bí wọ́n tilẹ̀ fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ níwèé, èdè Jámánì ni dókítà àti onílé yóò sábà máa sọ. Ọjọ́ Àìkú, ṣọ́ọ̀bù fẹ́rẹ̀ẹ́ tì tán. Ra oúnjẹ rẹ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Síbẹ̀, Jámánì ni mo fẹ́ kó o lọ. Bẹ̀rẹ̀ èdè náà báyìí, kó o tó lọ gba físà.