Géètì Tí Kò Mojú Ẹnikẹ́ni: Àgbéyẹ̀wò Ilé-ẹ̀kọ́ Àgùdà Tí Ọmọ Mi Wà

Kí ẹnikẹ́ni tó bi mí, èmi kì í ṣe Àgùdà. Áńgílíkà ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ṣì wà. Ọmọ mi obìnrin ló wà ní JS3 ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà kan tí dáyọ́sísì ń darí ní apá Oǹdó níhìn-ín, họ́sítẹ́ẹ̀lì ló sì ń gbé. Mi ò ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà, torí ọmọ mi ṣì ń jẹun lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye kíláàsì tí wọ́n ní àti àwọ̀ yúnifọ́ọ̀mù wọn, kó lọ kà á lára pátákó tó wà lójú títì. Ọ̀rọ̀ géètì ló jẹ́ kí n máa kọ èyí, òun náà ni mo sì máa kọ́kọ́ sọ.

Mídítáàmù táàmù kejì ni, mo lọ mú ọmọ mi wálé. Láti ìgbà tí wọ́n ti jí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ St. Mary's gbé ní Papiri, ìpínlẹ̀ Niger, ní oṣù kọkànlá 2025, ilé-ẹ̀kọ́ wa ti ṣe káàdì aláwọ̀ ewé kan fún àwọn òbí. Wọ́n fi ọ̀rá bò ó, àwòrán bàbá àti ìyá wà lójú rẹ̀, òǹtẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ sì gun orí àwòrán náà ní igun kan. Ẹyọ kan péré ni wọ́n ń fún ìdílé kan. Tiwa wà nínú mọ́tò ọkọ mi, ọkọ mi sì ti gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ láti àárọ̀. Èmi tí mo wọ ọkọ̀ èrò dé ẹnu géètì, ojú mi nìkan ni mo mú wá.

Bàbá tó ń ṣọ́ géètì, àgbàlagbà ni wọ́n, fìlà kì í kúrò lórí wọn. Wọ́n ní ìwé ńlá kan lórí tábìlì, àti bírò tí wọ́n fi òwú so mọ́ ìṣó kí àwa òbí má baà gbé e lọ.

"Màmá, ẹ káàsán o. Káàdì dà?"

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Káàdì ti bá dádì ẹ̀ lọ. Ẹ ṣáà bá mi pe ọmọ náà, ẹ̀yin náà mọ̀ mí."

"Mo mọ̀ yín, Màmá. Káàdì dà?"

Mo ní kí wọ́n wo inú ìwé wọn, orúkọ mi wà níbẹ̀. Wọ́n wò ó, wọ́n rí i, wọ́n tilẹ̀ fi ìka tọ́ka sí i kí n lè rí i dáadáa. "Orúkọ yín rèé lóòótọ́. Káàdì dà?"

Ohùn mi ti ń lọ sókè nígbà tí agogo ọ̀sán lù. Bàbá dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n ṣàmì àgbélébùú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà Angelus tí àwọn Àgùdà máa ń gbà lọ́sàn-án. Nínú ọgbà, àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù dúró gbagidi bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Bọ́ọ̀lù nìkan ló ń yí lọ sí ìdí igi. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Èmi náà dúró, ẹnu mi ṣì wà ní ṣíṣí. Bàbá kí Màríà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n bá àdúrà náà dé àmín láìfi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, wọ́n dé fìlà padà.

"Bí mo ṣe ń wí, Màmá, káàdì dà?"

Mo ní kí wọ́n bá mi pe Sístà. Sístà tó jẹ́ igbákejì pírínsípà ló jáde wá, ọmọ Èkìtì ni, kò ga, kì í sáré, kì í pariwo. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, torí èmi àti Sístà yìí kì í ṣe àjèjì ara wa. Ní bàsá ọdún tó kọjá, èmi ni mo se mọ́ínmọ́ín tí wọ́n tà.

"Màmá mọ́ínmọ́ín! Ẹ kú ìrìn o." Inú mi dùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́ Bàbá. Wọ́n gbọ́ mi tán pátápátá, wọ́n ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Bàbá ò lè ṣe é. Èmi gan-an ò lè ṣe é."

Mo pe ọkọ mi. Ó ti kọjá Iléṣà. Ó wá ibì kan dúró sí, ó ya káàdì náà níwájú àti lẹ́yìn, ó fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mo na fóònù sí Sístà tìgboyàtìgboyà. Wọ́n gbà á, wọ́n fẹ àwòrán náà kó tóbi, wọ́n wò ó lọ, wọ́n wò ó bọ̀, wọ́n dá fóònù padà fún mi. "Ẹ rẹwà nínú àwòrán yìí, Màmá. Ṣùgbọ́n àwòrán káàdì kì í ṣe káàdì."

Ẹ̀yin ará, inú bí mi débi pé ọ̀rọ̀ ò dúró lẹ́nu mi mọ́. Mo bi wọ́n bóyá èmi ni mo fẹ́ jí ọmọ tí mo bí gbé. Mo bi wọ́n bóyá káàdì ni mo mú dání lọ́jọ́ tí mo lọ bí i ní ọsibítù. Bàbá dá sí i láti ìdí tábìlì wọn: "Ẹ mú káàdì ọsibítù dání lọ́jọ́ náà, Màmá. Wọn ò ní gbà yín wọlé láìsí i." Èyí tó jẹ́ òótọ́ ni mo kórìíra jù. Ọmọ mi wà lẹ́yìn wáyà ní gbogbo àkókò yìí, báàgì wà léjìká ẹ̀, ó ń fi ojú bẹ̀ mí. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń wò yín."

Sístà wọlé lọ, mo rò pé wọ́n ti fi mí sílẹ̀ nìyẹn. Àṣé àga rọ́bà ni wọ́n lọ gbé, fúnra wọn, wọn ò rán ọmọ kankan. Wọ́n gbé e sábẹ́ igi dọ́gọyárò, wọ́n fún mi ní omi inú ọ̀rá méjì tó tutù, wọ́n ní kí n jókòó de ọkọ mi. Mo jókòó. Mo ti ń kọ àgbéyẹ̀wò yìí lọ́kàn mi nígbà náà, òdo ni mo fẹ́ fún wọn.

Ibẹ̀ ni mo wà tí jíìpù dúdú kan fi dé, ó ń fọn fèrè lákọlákọ. Ọlọ́pàá kan bọ́ sílẹ̀ láti iwájú, ó ní kí wọ́n ṣí géètì kíákíá, Ọnọ́rébù ló wà nínú mọ́tò. Bàbá dìde, wọ́n tẹrí ba. "Ẹ káàsán, sà. Káàdì dà?" Ohùn kan náà! Kò fi bẹ́ẹ̀ lọ sókè, kò sì wálẹ̀. Ọlọ́pàá wo Bàbá, Bàbá wo ọlọ́pàá. Ọnọ́rébù náà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú agbádá, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun pe Sístà, ṣé wọn ò mọ̀ pé òun lòun gbẹ́ kànga ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn ilé ìjẹun ni.

Sístà jáde. "Ẹ kú àbọ̀, sà. A dúpẹ́ lórí omi yẹn o, àwọn ọmọ ń lò ó dáadáa, Ọlọ́run á bùkún yín. Káàdì dà, sà?"

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. Ọnọ́rébù sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, ó pe ẹnì kan lórí fóònù, ó fún Sístà. Sístà kí ẹni náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n ní "bẹ́ẹ̀ ni, sà" lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n dá fóònù padà, wọ́n wọlé lọ gbé àga rọ́bà kejì. Bí èmi àti Ọnọ́rébù ṣe jókòó pọ̀ sábẹ́ dọ́gọyárò nìyẹn. Mo fún un ní omi inú ọ̀rá kan nínú méjì tèmi. Ó gbà á, ó mu ún. Ó bi mí bóyá èmi náà gbàgbé káàdì ni, mo ní ọkọ mi ló gbé e lọ, ó ní ìyàwó òun ló gbé ti àwọn. Láti ìgbà yẹn ni inú mi ti rọ̀. Mo ti gbé ní orílẹ̀-èdè yìí pẹ́ tó láti mọ̀ pé òfin tó dá Ọnọ́rébù àti ìyá alámọ́ínmọ́ín jókòó lórí irú àga kan náà, a kì í rí i lójoojúmọ́.

Ìdí wà tí ilé-ẹ̀kọ́ fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n ní apá ọ̀dọ̀ wa. Ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì, ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2022, ni àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis Xavier ní Ọ̀wọ̀, tí èèyàn tó ju ogójì lọ kú, tí ọmọdé wà nínú wọn. Oṣù kìíní 2024 ni wọ́n kó àwọn ọmọ iléèwé àti olùkọ́ wọn wọgbó ní Emùré-Èkìtì, tí kò jìnnà sí wa rárá. Nígbà tí ti Papiri wá ṣẹlẹ̀, tí ìjọba àpapọ̀ ń ti àwọn Unity College, iléèwé tiwọn, pa, ìpàdé P.T.A. tiwa kún débi pé àwọn òbí dúró sójú fèrèsé. Ibẹ̀ la ti fẹnu kò lórí owó fẹ́ńsì. Mo yìn wọ́n lórí ìyẹn: nígbà tí wọ́n mọ ọn tán, Fadá tó jẹ́ pírínsípà dìde, ó ka iye bùlọ́ọ̀kù, iye sìmẹ́ǹtì àti iye wáyà ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n rà sétí gbogbo wa, ó sì gbé rìsíìtì kalẹ̀ kí ẹni tó bá fẹ́ wò ó wò ó.

Síbẹ̀, mi ò ní bo ọ̀ràn mọ́lẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n ṣe káàdì méjì fún ìdílé kan. Mo ti sọ ọ́ ní ìpàdé, akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, ibi tí ó kọ ọ́ sí náà ló wà títí di òní. Awakọ̀ Ọnọ́rébù gbé káàdì tiwọn dé, wọ́n mú ọmọ wọn lọ. Oòrùn ti ń wọ̀ kí ọkọ mi tó dé. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ìbéèrè tí Bàbá kọ́kọ́ bi í.

Ní ti ẹ̀kọ́, mi ò ní wí púpọ̀. Ọmọ náà ń kàwé, ó ń sọ Yorùbá tó mọ́ nílé, ìwé àfọwọ́kọ ẹ̀ sì ṣeé wò. Àwọn olùkọ́ ló ń lọ ní tiwọn. Ọdún tó kọjá ni Bíṣọ́ọ̀bù wá bùkún láàbù sáyẹ́ǹsì tuntun, ijó wà, ìlù wà, a jẹ ìrẹsì. Títí di oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, maikirosikópù wà nínú kọ́ńbọ́ọ̀dù tí wọ́n tì pa, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ olùkọ́ kan tó ti lọ sí Kánádà. Nígbà tí olùkọ́ ìṣirò tún lọ, Fadá fúnra ẹ̀ ló ń kọ́ JS3 torí Junior WAEC tó ń bọ̀. Ọmọ mi ní òun lòye ti Fadá ju ti olùkọ́ tó lọ.

Àwọn àgbà kan máa ń bínú pé iléèwé Fadá kì í gbówó tó báyìí nígbà tiwọn. Wọ́n gbàgbé pé ìjọba ló gba àwọn iléèwé míṣọ́n ní àwọn ọdún 1970, tó sì ń san owó oṣù olùkọ́ wọn. Èkó dá díẹ̀ padà fún àwọn tó ni ín ní 2001, St. Gregory's tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1928 wà lára wọn. Iléèwé tí ìjọba ò bá ti sanwó oṣù níbẹ̀, àpò wa ni owó oṣù ti ń jáde. Mo gbà. Ohun tí mi ò gbà ni bọ́sà wọn, ẹni tó ń rí sí owó iléèwé.

Ọkùnrin yìí kì í gbójú sókè. O ti san owó láti báǹkì, fóònù rẹ ti dún, owó ti kúrò lọ́wọ́ rẹ. Wàá na fóònù sí i, á ní, "Kò tíì wọlé sọ́dọ̀ wa." Ọ̀sẹ̀ kan, ó tún sọ bẹ́ẹ̀, mo gbé ìwé báǹkì tí wọ́n tẹ̀ jáde wá, ó ní kí n fi í sílẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, wọ́n ka orúkọ àwọn ajẹgbèsè sókè ní àsẹ́ḿbílì, orúkọ ọmọ mi wà níbẹ̀. Ọmọ tí owó ẹ̀ ti pé! Ó sunkún pè mí láti orí fóònù mètírọ̀nù. Nígbà tí wọ́n rí owó náà níkẹyìn, kò sẹ́ni tó padà sórí pẹpẹ àsẹ́ḿbílì láti sọ pé ọmọ yìí ò jẹ gbèsè. Mo kọ lẹ́tà. Sístà pè mí, wọ́n bẹ̀ mí, ọ̀rọ̀ wọn sì tù mí. Bọ́sà ò sọ nǹkan kan. Ìyẹn ò tíì jáde lọ́kàn mi.

Ẹ̀wà ọjọ́rú wọn ní òkúta. Mo ti sọ fún wọn.

Ìgbé ayé ibẹ̀ ló wá dùn mọ́ ọmọ náà jù. Mísà ni gbogbo òwúrọ̀, kò sẹ́ni tó lè ní òun ò lọ. Ìyá ọkọ mi ṣì ń ráhùn pé ọmọ wa ń ṣàmì àgbélébùú kó tó jẹ iyán. Lẹ́ńtì tó kọjá, ó ní òun ò ní mu ṣúgà, ó wá ń wo ife tíì tèmi bí ẹlẹ́rìí. Ní oṣù karùn-ún, wọ́n ń gbé ère Màríà yí ọgbà ká lálẹ́ pẹ̀lú àbẹ́là. Mo débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọmọ Alhaja àdúgbò wa ló ń ṣáájú orin Látìn, ohùn ẹ̀ ga, ó mọ́. Mo bi Alhaja bóyá kò bí wọn nínú. Wọ́n ní ọmọ náà ń ka Kùránì nílé, kò sì tíì ṣi ọ̀kan pè mọ́ èkejì.

Máàkì mi: 2.5 nínú 5. Géètì nìkan, 5. Mo ti san owó fọ́ọ̀mù Common Entrance fún àbúrò ẹ̀ ọkùnrin, bọ́sà ní kò tíì wọlé.