Ultherapy àti Ìpara Ojú: Àyẹ̀wò Ẹni Tó Gbìyànjú Méjèèjì

Ilé ìtọ́jú awọ kan ní ìlú Houston ni mo ti gba ìtọ́jú Ultherapy, nítorí pé awọ abẹ́ àgbọ̀n mi ti ń rọ̀, n kò sì fẹ́ iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀rọ Ultherapy, tí FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ fọwọ́ sí ní ọdún 2009 fún gbígbé awọ òkè ojú sókè, máa ń darí ìgbì ìró tí etí kò lè gbọ́ sí abẹ́ awọ, ní ìjìnlẹ̀ mìlímítà 1.5 sí 4.5, kí ooru rẹ̀ lè mú kí ara ṣe kọ́lájìn tuntun, ìyẹn èròjà tó ń mú kí awọ le. Ó ń ta mí gan-an níbi tí eegun ti sún mọ́ awọ. Nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni mo dúró kí n tó rí ìyàtọ̀, ìyàtọ̀ náà kò sì pọ̀ jù, àmọ́ ó hàn.

Ohun tó wù mí jù ni pé ìgbì ìró kò ní í ṣe pẹ̀lú àwọ̀ ara bíi ti àwọn iná lésà kan, nítorí náà ó bá awa aláwọ̀ dúdú mu. Ṣùgbọ́n kì í pa àmì dúdú rẹ́. Iṣẹ́ ìpara nìyẹn. Fáítámì C àti ìpara adènà oòrùn ni mo ń lò láàárọ̀, retinol (oríṣi fáítámì A kan fún awọ) sì ni lálẹ́, èyí tí mo dá dúró fún ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ìtọ́jú náà àti lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fẹ́ ta ìpara tiwọn fún mi ní owó gọbọi. Ti ilé ìtajà oògùn ni mo rà, ó sì tó.