Búrọ́ọ̀ṣì Ìfárùngbọ̀n Ever-Ready Àtijọ́, Lẹ́yìn Tí Mo Tún Un Ṣe

Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mo ra búrọ́ọ̀ṣì ìfárùngbọ̀n kan ní dọ́là 18 ní ọjà àlòkù ní ìpínlẹ̀ Maryland, ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó tà á fún mi fi dá mi lójú pé eyín erin ni wọ́n fi gbẹ́ èèkù rẹ̀, nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin. Nígbà tí mo yí ìdí rẹ̀ sókè, mo rí orúkọ Ever-Ready níbẹ̀, mo sì mọ̀ pé American Safety Razor, ilé iṣẹ́ tó wà ní Brooklyn láyé ìgbà náà, ló ṣe é.

Eyín erin máa ń ní ìlà wẹ́wẹ́ tó ń gba ara wọn kọjá. Èèkù yìí kò ní ìlà kankan. Mo ṣí omi gbígbóná sí i fún ìgbà díẹ̀, òórùn kíkan bí ti oògùn apakòkòrò sì jáde lára rẹ̀. Mo fi ìpara ìdánrin nù ún, aṣọ funfun tí mo lò sì di aláwọ̀ ìyeyè. Àwọn àmì yìí ló fi hàn pé Catalin ni, irú ike kan tó gbòde láàárín ọdún 1930 sí 1950, tí funfun rẹ̀ máa ń pọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún. Inú mi dùn pé erin kankan kò kú nítorí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tó wà lára rẹ̀ ni «Sterilized», ìyẹn ni pé wọ́n ti pa kòkòrò àrùn inú irun rẹ̀, ó sì yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ ra irú nǹkan yìí mọ ohun tó bí i. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, irun badger, ẹranko kan tí wọ́n máa ń fi irun rẹ̀ ṣe búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n, àwọn oníṣẹ́ sì ń fi irun ẹṣin tí a kò fọ̀ dáadáa rọ́pò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ogun àti ará ìlú ní Amẹ́ríkà àti Bìrìtìkó ló kó anthrax, àrùn burúkú tó ń ti ara ẹranko ran ènìyàn, lára búrọ́ọ̀ṣì, débi pé ní ọdún 1920, ìjọba Bìrìtìkó fòfin de èyí tó ń wá láti Japan. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ yìí ń fi àwọn oníbàárà lọ́kàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n kòkòrò àrùn náà lè fara pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìkú, nítorí náà n kò ní fi irun àtijọ́ kan ojú mi, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára rẹ̀.

Irun búrọ́ọ̀ṣì tèmi tilẹ̀ ti re púpọ̀. Mo de ìbòmú, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo fi omi rin ín kí eruku má baà fò, mo sì fi àlùmọ́gàjí gé èyí tó kù dọ́gba pẹ̀lú etí ihò èèkù tí irun ti jáde. Rọ́bà tí wọ́n fi de irun náà mọ́lẹ̀ ti le bí òkúta, ó sì dúdú bí ọ̀dà. Ibí yìí ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́, nítorí pé Catalin kò gba ooru, kò sì gba ipá, ó máa ń sán. Ẹnu dírìlì tí kò ju mìlímítà mẹ́ta lọ ni mo lò. Mo lu ihò wẹ́wẹ́ láti àárín, mo ń bọ̀ síta díẹ̀díẹ̀, mo ń dúró kí ó tutù, títí ó fi ku fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí mo fi sánpépà há kúrò. Ó gbà mí ní wákàtí mẹ́ta.

Ihò náà fẹ̀ tó mìlímítà 22, mo sì ra ìdì irun badger tuntun tó bá a mu ní dọ́là 25. Kí n tó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, mo kọ́kọ́ kì í bọ ihò lásán láti wò ó. Ó wọlé jù. Mo gé igi pẹlẹbẹ, mo fi tẹ́ ìsàlẹ̀ ihò, títí irun fi yọ síta ní mìlímítà 50. Bí irun bá yọ jù, kò ní lè po ọṣẹ. Bí ó bá kúrú jù, á máa gún ni lára.

Láti ìgbà náà, òun ni mo ń lò ní àràárọ̀. Irùngbọ̀n mi máa ń ká wọ inú ara, abẹ́ àgbọ̀n mi a sì máa sú. Bí mo bá fi búrọ́ọ̀ṣì yìí ra ọṣẹ yíká fún ìṣẹ́jú méjì, irun á dìde, abẹ á sì rí i gé láìjẹ́ pé mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Sísú náà ti dín kù gidigidi lára tèmi. Àléébù rẹ̀ ni pé èèkù kéré fún ọwọ́ ńlá, ó sì ń yọ̀ bí ọṣẹ bá kàn án.

Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ rà á, kódà bí kò bá ní irun kankan mọ́, ṣùgbọ́n ẹ má san owó eyín erin. Ẹ fi èékánná wo etí ihò yíká kí ẹ tó sanwó: bí ó bá ti sán níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni irun tuntun yóò máa tì síta bí ó bá ti mu omi.