Ẹ̀yin bulọ́ọ̀gà Àbújá, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó lẹ kóòdù wọn mọ́ búlọ́ọ̀gù yín

Mi ò ní dárúkọ iléeṣẹ́ yìí torí ọ̀rọ̀ owó ṣì wà láàárín èmi àti wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kọ búlọ́ọ̀gù nílùú Àbújá á mọ irú wọn, àwọn alágbàtà ìpolówó tó máa ń kọ íméèlì síni pé àwọn rí búlọ́ọ̀gù ẹ, ó dùn mọ́ àwọn, ṣé kò ní dáa kó o jẹ́ káwọn máa gbé ìpolówó sí i, kóòdù kékeré kan ṣá lo máa lẹ̀ mọ́ ọn, owó á sì máa wọlé ní dọ́là. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi lò ó. Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ọ̀kan torí pé wọ́n sanwó lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ tí wọ́n dá gan-an, èkejì torí pé kóòdù wọn ò wúwo, búlọ́ọ̀gù mi ò fà rárá, àwọn tó ń fi fóònù kékeré kà á ò ráhùn.

Èdè Yorùbá ni mo fi ń kọ tèmi. Ìgbé ayé àwa Yorùbá tá a wà l'Ábújá ni mò ń kọ lé lórí, ibi téèyàn ti lè rí ewédú tútù rà ní Kubwa láàárọ̀, béèyàn ṣe lè wá ilé ní Lugbe láì bọ́ sọ́wọ́ ajẹ́ńtì tó ń gba owó ilé kan ṣoṣo lọ́wọ́ èèyàn mẹ́rin, báwọn tí kì í ṣe ará ìlú kan náà ṣe lè jọ dá àjọ kí ìjà má sì dé. Iṣẹ́ ni o. Àdúgbò wa ò sí lára Band A, àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí ó kéré tán lójúmọ́ fún, tí wọ́n sọ iná wọn di 225 náírà fún yúníìtì kan lóṣù kẹrin 2024, torí náà jẹnẹrétọ̀ ni mo sábà fi ń kọ̀wé lálẹ́, dátà náà tún wá gbówó lérí látìgbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù, ti gbà fáwọn iléeṣẹ́ fóònù ní January 2025 pé wọ́n lè fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn. Owó epo àti owó dátà ni mò ń wá lọ sọ́dọ̀ wọn, mi ò wá owó ilé.

Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù, àwa méje kan máa ń pàdé ní búkà alámàlà kan ní Garki. Ọ̀kan ń kọ nípa bọ́ọ̀lù, ọ̀kan nípa oúnjẹ, àǹtí kan nípa ọmọ títọ́, ọmọ Kano kan tó ń tún fóònù ṣe ní Banex ń fi èdè Hausa kọ nípa fóònù, ẹ̀gbọ́n wa kan ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ nípa kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn ìjókòó yẹn ju gbogbo nǹkan tó kù nínú iṣẹ́ yìí lọ. Ẹni tí kò bá ṣe é ò lè mọ̀ bó ṣe máa ń dá wà tó, ìwọ àti fóònù ẹ àti ògiri yàrá, o lè kọ nǹkan lóru kí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn kà á kílẹ̀ tó mọ́, kó má sì sí ẹyọ ẹnì kan tó máa wò ẹ́ lójú kó ní o káre. Ìyá alámàlà ti mọ̀ wá. Tá a bá ti ń wọlé báyìí ló ti ń na wáyà sí wa, "Ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ tètè mú ṣájà yín wá kí wọ́n tó mú iná lọ o," á sì ti bu gbẹ̀gìrì kó tó béèrè irú ẹran tá a máa jẹ.

Níbẹ̀ la ti kó fóònù wa jọ sáàárín àwo lọ́jọ́ kan, a ní ká fi owó tó wọlé lóṣù yẹn wé ara wọn. Iléeṣẹ́ kan náà lèmi, ọmọ Kano àti ẹ̀gbọ́n oníkọ̀ǹpútà ń lò. Wọ́n ṣí tèmi nígbà 41,000, owó tó wọlé jẹ́ 6 dọ́là àti 38 sẹ́ǹtì. Tọmọ Kano lé díẹ̀ ní 30,000, ó gba 5 dọ́là. Ẹ̀gbọ́n tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ, 12,000 péré ni wọ́n ṣí tiẹ̀, ó gba 19 dọ́là. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀. Ọmọ Kano fi àtàǹpàkò nu ọbẹ̀ tó ta sójú fóònù ẹ̀, ó ní "Wallahi, babu adalci," ó sì dojú fóònù náà dé orí tábìlì. Ó sọ òótọ́, kò sí ẹ̀tọ́ níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ló wá ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́ fún wa. Nígbàkigbà tẹ́nì kan bá ṣí ojú ìwé ẹ, wọ́n á gbé àyè ìpolówó yẹn síta fún gbàǹjo, kó o tó ṣẹ́jú ni wọ́n ti tà á tán. Àwọn tó fẹ́ polówó ọjà ti sọ tẹ́lẹ̀ pé èrò orílẹ̀-èdè báyìí làwọn ń wá, tó ń ka èdè báyìí, lórí ọ̀rọ̀ báyìí, ẹ̀rọ ló sì ń ka ojú ìwé ẹ kó tó lè bá wọn ṣà á. Tó bá wá dé orí Yorùbá, kò gbọ́ nǹkan tó o kọ, àwọn olówó á rékọjá, àwọn tó máa fi kọ́bọ̀ ra ibikíbi ló kù. AdSense, ètò ìpolówó ti Google tó ti wà láti 2003, ní àkójọ èdè tó ń gbà, Yorùbá ò sí níbẹ̀, Hausa ò sí níbẹ̀, Igbo náà ò sí. Èdè tá à ń fi náwó ní gbogbo ọjà láti Ìbàdàn dé Wuse! Ìdí nìyẹn tá a fi ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn alágbàtà, wọ́n sì mọ̀ pé a ò rí ibòmíì yà sí.

Owó tín-ín-rín yẹn dùn mí, àmọ́ ó níbi tó ti dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo kọ àpilẹ̀kọ kan nípa àjọ dídá, mo fi ọ̀sẹ̀ méjì béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà. Obìnrin kan tó ń gbé ní Nyanya fi fọ́tò ojú fóònù ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ó ku ìlà méjì kí ìyá kan sọ bí wọ́n ṣe fi owó àjọ ra ẹ̀rọ ata fún un tán, ni pátákó pupa kan já lu ọ̀rọ̀ náà, "Gba owó ní ìṣẹ́jú márùn-ún," ayánilówó orí fóònù ni. Obìnrin yìí ní irú wọn lòun yá owó lọ́wọ́ wọn tí wọ́n fi kọ̀wé kiri sí ọ̀gá òun níbi iṣẹ́ àti pásítọ̀ òun pé olè lòun. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n gbé e síbẹ̀ ni?" Kí ni kí n sọ? Láti 2022 ni FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, ti ń lé irú àwọn ayánilówó bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń dójú ti èèyàn torí gbèsè, mo wá ń bá wọn na ọwọ́ sáwọn tó ń ka tèmi.

Ọjọ́ yẹn náà ni mo kọ̀wé sí iléeṣẹ́ náà pé kí wọ́n bá mi yọ ìpolówó owó yíyá àti tẹ́tẹ́ kúrò pátápátá. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n tó fèsì. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá ń ṣí tiẹ̀ nígbà 500,000 lóṣù nìkan ló lè yan irú ìpolówó tó fẹ́. Wọn ò sọ ọ́ fún mi nígbà tí wọ́n ń bẹ̀ mí.

Ọ̀rọ̀ títẹ ìpolówó fún ara ẹni náà, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ torí ó fẹ́ tú wa ká. Ẹnì kan nínú wa dá a lábàá lórí WhatsApp pé ká máa tẹ ìpolówó ara wa láràárọ̀, tèmi tìẹ, kí owó lè gòkè. Èmi ò bá wọn ṣe, mo sì sọ ọ́ síbẹ̀ pé kò dáa, torí ẹnì kan ló ń sanwó yẹn, ó lè jẹ́ ẹni tó ń ta bàtà ní Aba tó rò pé èèyàn ló fẹ́ rajà òun. Mẹ́ta nínú wọn ṣe é. Kò pé oṣù kan tí wọ́n ti àkáǹtì méjì pa, tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé owó inú ẹ̀. Àǹtí tó ń kọ nípa ọmọ títọ́ wà lára wọn, látìgbà yẹn kò wá sí Garki mọ́, tá a bá pè é á ní ọmọ ń ṣàìsàn. Àárò ẹ̀ ń sọ mí. Àǹtí, tẹ́ ẹ bá ń ka èyí, àga yín ṣì wà níbẹ̀.

Owó àkọ́kọ́ tí mo gbà, 52 dọ́là, lóṣù karùn-ún ni, ó wọ àkáǹtì dọ́là mi lọ́jọ́ tí wọ́n dá, inú mi dùn débi pé mo ra suya fún gbogbo ilé. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ló dàrú. 57 dọ́là ni mo rí lójú ibẹ̀ lálẹ́, nígbà tó máa di àárọ̀ ó ti di 26. Wọ́n ní èrò ayédèrú wà nínú àwọn tó ṣí búlọ́ọ̀gù mi. Àwọn wo? Ọjọ́ wo? Mo kọ íméèlì mẹ́rin, orúkọ ọ̀tọ̀ ló ń fèsì nígbà kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì ń lẹ̀ síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá san 31 dọ́là mi, màá padà wá síbí wá fi ìràwọ̀ kan kún un.

Ẹ lè ní kí ló dé tí mi ò gba ìpolówó tààrà lọ́wọ́ àwọn èèyàn ìlú. Mò ń gbà á o, wàhálà ẹ̀ náà yàtọ̀. L'Ábújá níbí, wọ́n á pè yín síbi ṣíṣí ilé oúnjẹ tuntun ní Wuse 2, wọ́n á fún yín ní puff-puff méjì àti tíṣáàtì, wọ́n á ní kẹ́ ẹ lọ kọ nípa àwọn. Wọ́n sanwó fún MC, wọ́n sanwó fún DJ, wọ́n sanwó fún ẹni tó so bàlúùnù, ẹni tó máa sọ fún gbogbo ìlú pé ilé oúnjẹ wà níbẹ̀ ni kò lówó. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn olóṣèlú náà á ní kẹ́ ẹ bá ọ̀gá àwọn gbé ìròyìn jáde, "ọ̀gá máa rántí yín." Ẹni tó sanwó gidi fún mi ni obìnrin Abẹ́òkúta kan tó ń ta àdìrẹ ní ọjà Wuse. 15,000 náírà lóṣù. Èmi fúnra mi ni mo lọ ya fọ́tò àwọn aṣọ náà, ó tẹ́ eléwé kan báyìí sójú oòrùn, ó ní kí n dúró kí aró ẹ̀ yọ dáadáa kí n tó yà á. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kejì tó pè mí pé àwọn mẹ́fà ti wá béèrè "aṣọ tá a rí nínú búlọ́ọ̀gù." Ẹ fi 15,000 yẹn wé 6 dọ́là.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ lọ bá àwọn alágbàtà wọ̀nyí, kó kọ́kọ́ béèrè ní kíkọ, bóun ṣe lè yọ ìpolówó tí kò wù ú, iye tówó gbọ́dọ̀ tó kí wọ́n tó san án, àti ẹ̀rí tí wọ́n máa fi hàn tí wọ́n bá fẹ́ gé owó. Tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì lò ń kọ, ó ṣeé ṣe kó san ẹ́ díẹ̀. Tó bá jẹ́ èdè wa, èmi ò ní lè ní kó o lọ.

Mo ti yọ kóòdù wọn. Obìnrin Nyanya yẹn ni mo kọ́kọ́ kọ̀wé sí, mo ní kó lọ wò ó, ó ní òun ti ka ìtàn ẹ̀rọ ata náà parí láì sí nǹkan tó dí òun lójú. Ní Sátidé tó kọjá ọmọ Kano dábàá pé káwa tá a kù pa búlọ́ọ̀gù wa pọ̀, ká dá iye kan, 40,000 náírà lóṣù, ẹni tó bá san án á wà lórí gbogbo ẹ̀, Yorùbá, Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì. A ṣì ń jiyàn lórí bá a ṣe máa pín in nígbà tí Ìyá alámàlà fi aṣọ nu ọwọ́, ó ní òun gbọ́ gbogbo ẹ̀ o, òun máa san ìdajì báyìí, ìdajì tóṣù bá parí, àmọ́ ká rí i pé a wá ya fọ́tò náà kó tó di aago méjìlá, kí gbẹ̀gìrì tó tán.