O fẹ́ ra ilé, onílé sì ní òun á dúró dè ọ́: ṣé kí o gba ìlérí lásán, àbí kí o sanwó lé e?

Ìlérí lásán kò ná ọ ní kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n kò de onílé, bó tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ní England, lọ́dún 1874, Dodds kọ̀wé fún Dickinson pé òun á ta ilé fún un ní £800, àyè sì wà títí di aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́bọ̀ ló tà á fún ẹlòmíì! Dickinson gbọ́ lẹ́nu aṣojú rẹ̀, ó sáré lọ sọ pé òun gbà, àkókò kò tíì pé. Síbẹ̀, ní 1876, ó pàdánù ẹjọ́ náà: ó ti mọ̀ pé Dodds ti yí ọkàn padà.

Bí o bá sanwó kí onílé lè dúró, tí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀, kò lè yẹ̀ ẹ́ mọ́. Àmọ́ bí o kò bá rà á, owó yẹn ti lọ nìyẹn.

Bí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ ládùúgbò, ìlérí lásán tó. Bí o bá ṣì ń retí owó báńkì, sanwó.