Àwo The Decemberists: rẹ́kọ́ọ̀dù, CD àbí orí fóònù, èwo ni kí ẹ rà?

Orin tó ń sọ ìtàn kì í ṣe orin àgbọ́dájì, ìdí nìyẹn tí irú èyí tí ẹ bá rà fi ṣe pàtàkì. Oṣù kẹfà ọdún 2024 ni The Decemberists, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì láti Portland ní Amẹ́ríkà, gbé àwo As It Ever Was, So It Will Be Again jáde. Orin 13 ló wà nínú rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn, Joan in the Garden, dá lórí Joan of Arc, ọmọbìnrin ajagun ilẹ̀ Faransé láyé àtijọ́, ó sì lé ní ìṣẹ́jú 18. Kò yẹ kí gígùn rẹ̀ dẹ́rù ba ọmọ Ìjẹ̀bú: Hárúnà Ìṣọ̀lá ti Ìjẹ̀bú-Igbó a máa fi odidi ojú àwo kan kọ àpàlà.

Rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ jẹ́ méjì, ojú mẹ́rin. Joan nìkan ló gba ojú kẹrin. Ẹ ó dìde, ẹ ó yí àwo padà, ẹ ó gbé abẹ́rẹ́ lé e, ìtàn á wá bẹ̀rẹ̀. Kò sí irú mìíràn tó ń fúnni nírú ìgbádùn yìí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Àmọ́ ó wọ́n: owó àwo, owó ọkọ̀ láti òkè òkun, owó kọ́sítọ́ọ̀mù. Ẹ má sì gbé e lé rédíógírámù àtijọ́ tó wà ní pálọ̀ bàbá láìpààrọ̀ abẹ́rẹ́ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó ti jẹ á ha àwo tuntun bà jẹ́. Òòrùn inú ọkọ̀ á ká a kò. Eruku ọyẹ́ náà ń kọ́? Láàárín Joan, orin lọ sílẹ̀ pátápátá, ó ku ìró wúyẹ́wúyẹ́ nìkan kí gìtá tó bú jáde. Bí eruku bá wà lójú àwo, ta-ta-ta rẹ̀ lẹ ó máa gbọ́ níbẹ̀.

CD ò ní wàhálà yẹn. Ẹyọ kan gba gbogbo orin náà, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ ló sì ṣì ní ojú CD. Tí ẹ bá gbéra ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ẹ gba Ṣágámù, ẹ lè gbọ́ ọ tán kí ẹ tó dé Bẹ́gà l'Ékòó. Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó ni pé ariwo táyà máa ń gbé ibi wúyẹ́wúyẹ́ yẹn mì.

Ẹ lè ra fáìlì rẹ̀. MP3 tó dára jù kò ju nǹkan bí 160 MB lọ. Ẹ wà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ kó o sórí fláàṣì, ó di tiyín.

Spotify, áàpù tí wọ́n fi ń gbọ́ orin lórí fóònù, tó wọ Nàìjíríà ní 2021, ló rọ̀ jù lówó. Ti ọ̀fẹ́ máa ń fi ìpolówó já ìtàn, èyí tí ẹ ń sanwó fún sì ń lọ lọ́jọ́ tí ẹ bá dá owó dúró.

Tèmi ni pé kí ẹni tó ní ọkọ̀ ra CD tàbí fáìlì. Rẹ́kọ́ọ̀dù wà fún ẹni tó ti ní ẹ̀rọ tó dáa nílẹ̀. Kí ẹ tó náwó, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ Joan tán lórí fóònù láìdá a dúró. Bí ó bá sú yín kó tó dé ìdajì, àwo wọn The King Is Dead ti 2011 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Orin 10 ló wà níbẹ̀, wọn ò sì gùn.